Bí A Ṣe Ń Ka Èérí Orí Písítìnì Kí A Tó Ra Ọkọ̀ Àlòkù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù ló ti ní kámẹ́rà olókùn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń yọjú wo inú ẹ́ńjìnnì báyìí. Wọ́n á tú pọ́lọ́ọ̀gì kan, wọ́n á ti kámẹ́rà bọ ihò rẹ̀, wọ́n á rí i pé orí písítìnì (irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, ihò tí epo ti ń jó) dúdú, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sì fi ọkọ̀ tó dára sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á rí písítìnì tó mọ́ tónítóní, inú wọn á dùn, wọ́n á sanwó. Wọn ò mọ̀ pé omi tó ń jò wọ inú sílíńdà yẹn ló fọ̀ ọ́ mọ́. Àṣìṣe kan náà ni méjèèjì: àwọ̀ nìkan ni wọ́n wò.

Písítìnì kan ṣoṣo kò lè sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín písítìnì kan àti àwọn yòókù, ibi tí èérí dì sí àti ibi tí kò dì sí, àti bóyá ó gbẹ tàbí ó tutù. Àwọ̀ ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù onísílíńdà mẹ́rin ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló wọ́pọ̀ jù. Díísù náà yóò ní àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Ohun tí wàá kó sílẹ̀

- Kámẹ́rà olókùn tí orí rẹ̀ kò ju mílímítà 5.5 lọ ní fífẹ̀. Èyí tí orí rẹ̀ ṣeé tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ló dára jù, torí yóò lè bojú wòkè kó rí ojú fáàfù (ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde). Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń so dígí kékeré mọ́ lórí ni, rí i dájú pé dígí náà dì mọ́ ọn gan-an. Bó bá já sínú sílíńdà, wàhálà dé.
- Sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́lọ́ọ̀gì. Mílímítà 16 ló wọ́pọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun kan ń lo 14, àwọn àtijọ́ kan ń lo 21. Fi apá gígùn tí yóò dé ìsàlẹ̀ ihò kún un, àti torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń dì í).
- Ohun tó lè fẹ́ afẹ́fẹ́ líle.
- Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá bóòtù àárín púlì iwájú ẹ́ńjìnnì mu, láti fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì.
- Géèjì kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n (tó ń wọn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó), àti ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kóòdù àìsàn láti ojú OBD2, ihò tí a ti ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀.
- Páálí tí o kọ 1, 2, 3, 4 sí, bírò, àti fóònù tí àyè ṣì wà nínú rẹ̀ fún àwòrán.
- Ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ọkọ̀. Ṣàlàyé gbogbo ohun tí o fẹ́ tú fún un kí o tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá kọ̀ pátápátá kí mẹkáníìkì tú pọ́lọ́ọ̀gì, ó ti dá ọ lóhùn nìyẹn.

Ìpele 1: Bá ọkọ̀ náà ní tútù

Pe ẹni tó ń tà á ṣáájú kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣíná sí i kí n tó dé.” Bí o bá débẹ̀, gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, ìdí kan wà tí wọ́n fi kọ́kọ́ ṣíná sí i. Béèrè, tàbí kí o padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Wo ìwọ̀n ọ́ìlì àti omi rédíétọ̀ kí o tó ṣíná. Ní kí ẹlòmíràn ṣíná, kí ìwọ dúró sí ẹ̀yìn, níbi tí èéfín ti ń jáde. Bí èéfín tó ní àwọ̀ búlúù bá jáde fúngbà díẹ̀ kó tó lọ, síìlì fáàfù (rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró lára fáàfù) ló sábà máa ń jẹ́, torí ọ́ìlì ti ń kán wọlé láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dúró. Bó bá ń jáde ṣáá, tó sì ń pọ̀ sí i bí ẹ bá tẹ fúńná, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, fura sí ríìngì (àwọn òrùka irin tó yí písítìnì ká). Èéfín dúdú, epo ti pọ̀ jù. Ooru omi funfun díẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Èyí tó nípọn, tí kò dá lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, omi ni.

Fi ẹ̀rọ OBD2 wò ó bóyá àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa kóòdù rẹ́ láìpẹ́ yìí, tàbí kí wọ́n ti tú bátìrì.

Ibi tí ènìyàn ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n á ṣíná fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á pa á, wọ́n á tú pọ́lọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnnì tútù ń mu epo púpọ̀. Ìṣẹ́jú kan yẹn ti tó láti fi màjàlà tuntun àti epo tútù bo ohun gbogbo, ìwọ yóò sì ka ohun tí kì í ṣe àìsàn sí àìsàn. Bí o bá ti ṣíná, wa ọkọ̀ náà títí abẹ́rẹ́ ìgbóná yóò fi dúró sí ipò rẹ̀, kí o ṣì wà á fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 sí i. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó tutù. Pọ́lọ́ọ̀gì tí a tú nínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè fa òòró aluminium (ìlà tó yí po tí pọ́lọ́ọ̀gì ń gbà wọlé) tó wà nínú ihò já.

O lè tẹ̀síwájú bí o bá lè fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ sórí ẹ́ńjìnnì láìfà á kúrò, tí o sì ti kọ ohun tí èéfín sọ sílẹ̀.

Ìpele 2: Tú pọ́lọ́ọ̀gì jáde ní ẹsẹẹsẹ

Yọ kọ́ìlì (tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná), fi nọ́ńbà sí i. Kí o tó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan pọ́lọ́ọ̀gì, tan iná wo inú ihò. Eruku wà níbẹ̀? Fẹ́ ẹ jáde. Ọ́ìlì wà níbẹ̀? Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù ló ń jò, àtúnṣe kékeré ni lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò kan písítìnì rárá. Ṣùgbọ́n bí o kò bá nù ún gbẹ kí o tó tú pọ́lọ́ọ̀gì, yóò kán sórí písítìnì, ìwọ náà yóò sì sọ pé ríìngì ti lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti fi irú èyí dá lẹ́bi láìṣẹ̀.

Tú u díẹ̀. Bó bá le, dá a padà díẹ̀, kí o tún tú u. Má fi ipá mú un. To pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí páálí gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà wọn, kí o ya àwòrán wọn pọ̀. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ tuntun, wọn kò ní nǹkan kan láti sọ fún ọ. Béèrè àwọn tí wọ́n yọ. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá tuntun láàárín mẹ́ta tó ti gbó, sílíńdà yẹn ni kí o ṣọ́ jù lọ.

Kí o tó kúrò níbí: pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin lórí páálí, ihò mẹ́rin tó mọ́ tó sì gbẹ, kò sí nọ́ọ̀tì tàbí bóòtù kankan tó sọnù.

Ìpele 3: Gbé àwọn písítìnì sí ìwọ̀n kan náà

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun ló sì ń ba ìyókù jẹ́. Písítìnì tó wà lókè súnmọ́ iná kámẹ́rà, yóò dà bí ẹni pé ó funfun. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yóò dúdú. O rò pé wọ́n yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà jíjìn ló yàtọ̀.

Gbé jíà sí ààyè òfo, fa bíréèkì ọwọ́, yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò. Fi sọ́kẹ́ẹ̀tì yí bóòtù púlì sí apá tí ẹ́ńjìnnì ń yí sí. Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó wà lórí ìlà kan, písítìnì 1 àti 4 jọ ń lọ, 2 àti 3 jọ ń lọ. Bí o bá yí i kúrò níbi tí nọ́ńbà 1 ti dé òkè pátápátá, tí o sì yí i ní ìdá mẹ́rin àyípo kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dúró ní ìwọ̀n kan náà. Ibẹ̀ ni kí o ti ya àwòrán.

Má ṣe yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí kámẹ́rà bá wà nínú sílíńdà. Písítìnì yóò fọ́ ọ mọ́ fáàfù lára.

Dín iná kámẹ́rà kù. Iná tó mọ́lẹ̀ jù ń sọ màjàlà di eérú, ó sì ń mú kí ibi tó gbẹ dán bí èyí tó tutù. Ya àwòrán márùn-ún nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan: àárín orí písítìnì, etí rẹ̀ ní apá méjì, ojú fáàfù, àti ògiri. Sọ nọ́ńbà sílíńdà sókè sínú fídíò bí o bá ń gba fídíò, kí o má baà dàrú nílé.

Wò ó: ṣé àwòrán márùn-ún wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iná kan náà, láti ọ̀nà jíjìn kan náà? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tún un ṣe.

Ìpele 4: Ka èérí náà

To àwọn àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra? Bí wọ́n bá jọra, ohun tó kan gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ṣẹlẹ̀: epo, afẹ́fẹ́, ìgbóná, ọ́ìlì, tàbí bí wọ́n ṣe ń wà á. Bí ọ̀kan bá yapa, inú sílíńdà yẹn ni àìsàn wà.

*Èépá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbẹ.* Bó bá bo orí písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́nà kan náà, yálà ó pọ́n bíi tábà tàbí ó dúdú, ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà máa ń dúdú ju àwọn tó ń fọ́n ọn sí ẹnu fáàfù lọ. Àwọn tó ń lo gáàsì máa ń mọ́ ju gbogbo wọn lọ. Má ṣe torí dúdú yìí sá.

*Màjàlà tó nípọn, tó gbẹ, tí kò dán.* Bó bá wà lórí gbogbo wọn, epo ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Fíltà afẹ́fẹ́ lè ti dí, sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn lè máa parọ́, tẹmọsítáàtì (ìlẹ̀kùn omi tó ń ṣàkóso ìgbóná ẹ́ńjìnnì) lè ti há sí ipò ṣíṣí tí ẹ́ńjìnnì kò fi gbóná tó, tàbí kó jẹ́ pé ìrìn kúkúrú nìkan ni ẹni tó ni ín ń fi ọkọ̀ náà rìn. Àtúnṣe wà fún gbogbo èyí láìtú ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ sílíńdà kan ṣoṣo, wo nọ́sù tó ń fọ́n epo síbẹ̀, pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, àti kọ́ìlì rẹ̀.

*Dúdú tó tutù, tó ń dán bíi kóró iṣin, tí etí písítìnì sì mọ́ yíká.* Níbí ni kí o ti fara balẹ̀. Ọ́ìlì tó ń gun ara ògiri wá sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìngì máa ń fọ kábọ̀nù kúrò ní etí písítìnì. Nítorí náà, àárín yóò dúdú, etí yóò mọ́ bí ẹni fi aṣọ nù ún. Bí etí tó mọ́ yẹn bá ṣe fẹ̀ tó ni ọ́ìlì tó ń gòkè ṣe pọ̀ tó. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí gbogbo wọn nínú ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ kò le. Èyí tó fẹ̀ dé àárín orí písítìnì túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì yẹn ń mu ọ́ìlì, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Ọ́ìlì tó bá gba ọ̀nà fáàfù wọlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rùn fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ni èépá yóò ti nípọn, ibi tó wà ní ìsàlẹ̀ fáàfù yẹn lórí písítìnì ni yóò sì tutù jù, kò ní jẹ́ yíká etí. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an fún àpò rẹ: síìlì fáàfù ṣeé pààrọ̀ láìyọ písítìnì, ríìngì kò ṣeé pààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Má ṣì í mú fún epo. Nọ́sù tó ń jò náà ń fọ orí písítìnì, àmọ́ ojú kan ló ń fọ̀, níbi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Epo ń gbẹ kíákíá, òórùn rẹ̀ sì ń jáde nínú ihò. Ọ́ìlì á wà níbẹ̀ lọ́la.

*Písítìnì kan tó mọ́ ju àwọn yòókù lọ.* Èyí ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Omi tó bá jò wọ sílíńdà di ooru omi nígbà tí iná bá ràn, ooru omi yẹn ló ń ṣí kábọ̀nù kúrò. Orí písítìnì, ojú fáàfù àti pọ́lọ́ọ̀gì sílíńdà yẹn yóò jọ mọ́. Nígbà mìíràn ìpẹtà díẹ̀ yóò wà lára ògiri. Bó bá jẹ́ sílíńdà méjì tó fara kanra ló mọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì lè ti jó láàárín àwọn méjèèjì.

Láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá (má ṣí ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná láé), fi pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà fún iṣẹ́ yìí ti afẹ́fẹ́ sínú rédíétọ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìdérí rẹ̀, má kọjá a. Fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí o tún ti kámẹ́rà wọlé. Bí o bá rí omi tó ń sẹ̀ sórí písítìnì, ọ̀rọ̀ ti parí.

*Eérú funfun.* Àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì, bíi calcium, magnesium àti zinc, kì í jóná tán. Wọ́n máa ń di eérú. Eérú tó dì gbágungbàgun lórí písítìnì ń sọ pé ó ti pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì náà ti ń jó ọ́ìlì, kódà bí kò bá tutù lónìí. Bó bá jẹ́ pé funfun náà fẹ́lẹ́, tí ara pọ́lọ́ọ̀gì sì lé ròrò, ìgbóná àjù ni, epo kò tó. Èyí tó pọ́n bí ìpẹtà, tó sì jọra lórí gbogbo wọn, lè wá láti inú èròjà irin tàbí manganese tí wọ́n pò mọ́ epo. Pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, má dààmú.

*Ara písítìnì fúnra rẹ̀.* Nígbà mìíràn kì í ṣe èérí lo máa rí. Ihò wẹ́wẹ́ ní etí písítìnì, bí ẹni fi yanrìn lù ú, jẹ́ àpá ìkànlù: epo ti ń bú gbàù ní àkókò tí kò yẹ. Etí tó ti yọ́ burú ju ìyẹn lọ. Àpá tó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù lé, tó bá ojú fáàfù mu, ń sọ pé fáàfù ti bá písítìnì pàdé rí, bóyá nígbà tí bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tó ń yí wọn já. Èyí tó bá ní ihò tàbí ibi yíyọ́, fi í sílẹ̀. Èyí tó ní àpá fáàfù, béèrè ìwé àtúnṣe rẹ̀.

Bí gbogbo orí písítìnì bá mọ́ bíi tuntun nínú ọkọ̀ tó ti rin ọ̀nà jíjìn, wo orí bóòtù ẹ́ńjìnnì bóyá sípánà ti họ ọ́, wo etí gásíkẹ́ẹ̀tì bóyá gọ́ọ̀mù tuntun wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ àtúnṣe tó dára, tí ìwé sì wà fún un. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n da oògùn sí i láti fọ ẹ̀rí nù.

Ìdánwò tìrẹ nìyí: kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, tí yóò sọ bóyá ó gbẹ tàbí ó tutù, ibi tí èérí wà, àti bóyá ó jọ ti àwọn yòókù. Bí o kò bá lè kọ ọ́, o kò tíì rí i tó.

Ìpele 5: Ògiri sílíńdà

Yí ẹ́ńjìnnì kí písítìnì lọ sísàlẹ̀ pátápátá, méjì méjì. Ó yẹ kí o ṣì rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó gba ara wọn kọjá lára ògiri irin. Wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ kí ọ́ìlì lè rí ibi dì mú. Ìlà tó dúró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ìhọra. Bí o bá ṣì ń rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò jìn. Bó bá ti pa wọ́n rẹ́, tí etí písítìnì sílíńdà kan náà sì mọ́, ẹ̀rí méjì ti bára mu.

Ìpele 6: Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n

Yọ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, dá epo àti iná dúró, tẹ fúńná dé ilẹ̀, rí i pé bátìrì lágbára. Yí sítátà títí géèjì kò fi ní gòkè mọ́. Fi àwọn nọ́ńbà náà wéra: ìyàtọ̀ tó ju ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù kò dára. Kán ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú èyí tó rẹlẹ̀, tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè dáadáa, ríìngì tàbí ògiri ni. Bí kò bá gòkè, wo fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù níbí ni pé nọ́ńbà tó dára kò dá písítìnì tó tutù láre. Ríìngì òkè ló ń di afẹ́fẹ́ mú. Ríìngì ìsàlẹ̀ ló ń ká ọ́ìlì kúrò. Èyí tó wà nísàlẹ̀ lè ti há pátápátá sínú kábọ̀nù, kí géèjì má sì sọ nǹkan kan. Ọ́ìlì tó wà lórí písítìnì tilẹ̀ ń ran ríìngì òkè lọ́wọ́ láti dì í. Bí géèjì bá yìn ín, tí kámẹ́rà sì bú u lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, kámẹ́rà ni kí o gbà gbọ́.

Bó bá jẹ́ díísù

Dúdú ni písítìnì díísù máa ń jẹ́, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Èyí tó mọ́ láàárín àwọn tó dúdú ṣì ni kí o wá. Má ṣe tú glow plug, ìyẹn pọ́lọ́ọ̀gì díísù tó ń mú inú sílíńdà gbóná, kúrò nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe tìrẹ. Wọ́n máa ń kán sínú ihò wọn, o sì lè di ẹni tó jẹ gbèsè. Jẹ́ kí oníṣẹ́ díísù ṣe é. Géèjì pẹtiróòlù kò lè gba kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀.

Ìpele 7: Dá a padà

Fi ọwọ́ lásán yí pọ́lọ́ọ̀gì wọlé ní àyípo mélòó kan kí o tó lo irinṣẹ́. Bó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti wọ́ òòró. Yọ ọ́ kí o tún un kì. Fi torque wrench dì í dé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Dá kọ́ìlì padà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà, ṣíná, tẹ́tí: kò gbọdọ̀ máa gbọ̀n, iná ìkìlọ̀ kò gbọdọ̀ tàn.

Nísinsìnyí, fi àwòrán han ẹni tó ń tà á kí o tó sọ iye. Màjàlà gbígbẹ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: rà á, kí o yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye rẹ̀. Síìlì fáàfù: bẹ mẹkáníìkì kó sọ iye tí yóò gbà kí o tó dúnàádúrà. Etí tó mọ́ fẹ̀ lórí ju písítìnì kan lọ, omi nínú sílíńdà, tàbí ara písítìnì tó ti yọ́: má rà á, àfi bí iye rẹ̀ bá ti gba owó ẹ́ńjìnnì mìíràn mọ́ra. Bó bá jẹ́ pé o rà á, sàmì sí ibi tí ọ́ìlì dé lórí ọ̀pá ìwọ̀n lọ́jọ́ tí o gbà á, kí o sì tún wò ó lẹ́yìn kìlómítà 1000.